Ohun Tí Mo Túmọ̀ fún Bàbá Dúpẹ́ Nípa Ọkọ̀ Wọn

Ẹ̀yin tí ẹ ó ka èyí, mi ò mọ̀ yín, ẹ̀yin náà ò mọ̀ mí. Bóyá ìdí nìyẹn tí ẹnu mi fi lè là. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó ti ń jẹ mí láti ìgbà tí ìjà Bakassi láàárín Nàìjíríà àti Cameroon ṣì gbóná. Wọ́n ti ní Bakassi ti parí báyìí, wọ́n ti fa àsíá kan wálẹ̀, wọ́n ti gbé òmíràn sókè. Tèmi kò tíì parí.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nísinsìnyí ni pé wọ́n ti tún ní kí n wá túmọ̀ ọ̀rọ̀ ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Èmi ni mo máa ń túmọ̀ Faransé sí Yorùbá nínú ẹbí ọkọ mi. Ìtumọ̀ kan tí mo ṣe nígbà kan ló ba ayé ènìyàn méjì jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ bú mi lẹ́yìn náà, mo gbà.

Douala, ní Cameroon, ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń ta aṣọ ní Akwa. Ilé ìwé Faransé ni mo lọ, ṣùgbọ́n màmá mi kò gbà kí a sọ Faransé létí wọn, bí a bá sọ ọ́, wọn kì í dáhùn. Bí Yorùbá ṣe dúró sí mi lẹ́nu nìyẹn. Mo fẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi àwọn òbí mi, nínú ìjọ wa. Ọkọ mi ní ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo ní Douala, Bàbá Dúpẹ́ ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ìkòkò àti abọ́ ni wọ́n ń tà ní ọjà Marché Dakar. Ìyàwó wọn ti kú, Dúpẹ́ nìkan ni ọmọ tó bí fún wọn.

Bàbá Dúpẹ́ ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan lọ́wọ́ òyìnbó agégẹdú tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Ọkọ̀ Jámánì ni, onílẹ̀kùn méjì, irú èyí tí wọn kò ṣe púpọ̀ kí wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ti pẹ́ lẹ́yìn ilé òyìnbó náà. Nígbà tí wọ́n wọ́ ọ dé, adìyẹ ti yé sórí ìjókòó ẹ̀yìn. A rẹ́rìn-ín títí. Ọkọ mi ní ilé adìyẹ ni ẹ̀gbọ́n òun rà.

Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Bàbá Dúpẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń kọ́ ilé. Wọ́n ránṣẹ́ sí Èkó fún iná iwájú, wọ́n ránṣẹ́ sí Jámánì fún gíláàsì. Ará Foumban kan ló rán awọ ìjókòó rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì tí a da mílíìkì díẹ̀ sí. Ó gbà wọ́n ní ọdún púpọ̀, wọn kò sì dá aṣọ tuntun ní gbogbo ọdún náà. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wà á gba Akwa kọjá, àwọn onítakisí dúró wò ó.

Láti ìgbà náà, kò sí ọmọ Yorùbá tó ṣe ìgbéyàwó ní ìlú yìí tí kò fẹ́ kí ọkọ̀ náà gbé ìyàwó rẹ̀. Òyìnbó kan ní Bonanjo bẹ Bàbá Dúpẹ́ títí pé kí wọ́n tà á fún òun. Wọ́n ní kò tíì yá. Wọ́n ní ọjọ́ tí àwọn bá tà á ni àwọn ó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ó fi owó rẹ̀ parí ilé tí àwọn ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ó sì jókòó. Wọn kò ní nǹkan mìíràn tí wọ́n fi pamọ́ de ọjọ́ ogbó.

Èmi kò fẹ́ràn ọkọ̀ náà. Ó yẹ kí n sọ ìdí rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, màmá mi, tí wọ́n ti padà sílé nígbà náà, wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti bá mi wẹ ọmọ. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, òjò ń rọ̀. Mo kúnlẹ̀ bẹ Bàbá Dúpẹ́ pé kí wọ́n fi ọkọ̀ gbé màmá mi dé ibùdókọ̀. Màmá mi gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja gbígbẹ kan dání. Bàbá Dúpẹ́ wo apẹ̀rẹ̀ náà, wọ́n wo ìjókòó awọ wọn.

Wọ́n ní, "Ìyàwó, ọkọ̀ yìí kì í ṣe ọkọ̀ ẹja."

Màmá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kò burú. Wọ́n gun bẹnsíkìn, ohun tí wọ́n ń pè ní ọ̀kadà nílé, wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ lé itan, òjò ń pa wọ́n lọ. Ìyàwó ilé ni mí, mi ò lè fèsì fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Mo gbé e mì. Lẹ́yìn náà ni ìjà Bakassi sọ ọ̀nà di líle, màmá mi kò sì lè wá mọ́. Wọ́n kú kí n tó tún fojú kàn wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò sọ èyí kí ẹ lè dá mi láre. Mo sọ ọ́ nítorí pé òótọ́ ni.

Ní àkókò náà, mo ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Akwa. Asúráńsì ni a ń bá ènìyàn ṣe níbẹ̀. Ará Yaoundé ni ọ̀gá mi, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Bàbá Dúpẹ́ wá bá mi nílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n kó fọ́tò ọkọ̀ náà dání, wọ́n ní òyìnbó Bonanjo ti sọ fún àwọn pé kí àwọn má ṣe wà á kiri láìsí asúráńsì gidi.

Wọ́n ní, "Ìyàwó, jẹ́ kí wọ́n kọ iye tó jẹ́ gan-an. Bí nǹkan bá ṣe é, mi ò ní okun láti tún òmíràn ṣe mọ́."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹ lè mọ ibi tí mo ti ṣẹ̀. Lójú ilé-iṣẹ́ asúráńsì, ọkọ̀ tó ti pẹ́ kò ju irin àlòkù lọ, bó ti wù kí ó dán tó. Bí ó bá bàjẹ́, owó irin àlòkù ni wọ́n ó san. Àfi bí ẹni tó ń yẹ ọkọ̀ wò, expert ni a ń pè é, bá wá fojú rí i, tí ó kọ iye tó tó, tí olówó ọkọ̀ àti ilé-iṣẹ́ sì fọwọ́ sí i. Nígbà náà ni iye yẹn di àdéhùn. Kò le rárá. Ọ̀gá mi bá expert dá ọjọ́, ó ní kí n sọ fún Bàbá Dúpẹ́ kí wọ́n gbé ọkọ̀ wá.

Mi ò sọ fún wọn. Nígbà tí expert dé, tí ó bi mí pé ọkọ̀ dà, mo ní olówó rẹ̀ ti rìnrìn àjò lọ sí Nàìjíríà, a kò sì mọ ìgbà tí yóò dé.

Ọdún púpọ̀ ni mo fi ń sọ fún ara mi pé ẹ̀rù ló mú mi ṣe é. Ẹ̀rù wà lóòótọ́. Ẹ̀yin tí ẹ gbé Douala ní àwọn ọdún Bakassi mọ̀ bí ó ti rí. Bí ọlọ́pàá bá ti gbọ́ ohùn Nàìjíríà lẹ́nu ẹni, carte de séjour, ìwé ìgbélùú, ni yóò kọ́kọ́ béèrè. Ti Bàbá Dúpẹ́ ti kọjá àkókò. Àwọn ará wa ń fi orúkọ ará Cameroon ra ilẹ̀, wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ohun tí àwọn ní. Mo ní bí expert bá rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà, yóò sọ fún ẹlòmíràn, ẹni yẹn yóò sọ fún ọlọ́pàá. Àlàyé yẹn dára. Mo ti fi tan ara mi jẹ dáadáa.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rù. Nígbà tí ọkùnrin náà béèrè ọkọ̀ lọ́wọ́ mi, màmá mi lórí bẹnsíkìn ni mo rí. Ọkàn mi le. Mo ní lọ́kàn mi pé kí Bàbá Dúpẹ́ náà dúró díẹ̀. Mi ò rò ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fẹ́ kí wọ́n fẹ́ nǹkan kan kí wọ́n má rí i, fún ìgbà díẹ̀ péré.

Nígbà tí Bàbá Dúpẹ́ béèrè, ojú tì mí láti sọ pé mi ò tíì ṣe é. Mo ní wọ́n ti kọ ọ́, gbogbo rẹ̀ ti parí. Bí ọkọ̀ àtijọ́ lásán ni a ṣe kọ ọ́. Bàbá Dúpẹ́ kò lè ka Faransé. Ẹnu yà wọ́n pé owó tí wọ́n ní kí àwọn san kéré tó bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n jẹ́rìí, wọ́n ní ìyàwó àwọn ni Ọlọ́run lò. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín. Mo ní n ó tún un ṣe bí ọdún bá yí po.

Ọdún kò tíì yí po tí nǹkan fi ṣẹlẹ̀. Ìgbà òjò ni. Wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, Bàbá Dúpẹ́ ló fi ọkọ̀ wọn gbé ìyàwó wá. Oòrùn yọ díẹ̀ ní àárọ̀, wọ́n sì gbé ọkọ̀ sábẹ́ igi máńgòrò inú ọgbà kí àwọ̀ rẹ̀ má baà ṣá. A ṣì wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ìjì dé. A gbọ́ ìró kan, ilẹ̀ mì. Igi náà ti hú tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó ti wó lé ọkọ̀ náà lórí láti iwájú dé ẹ̀yìn.

Kò pa ẹnikẹ́ni lára. Bàbá Dúpẹ́ jáde sínú òjò. Wọ́n na ọwọ́ gba ibi tí fèrèsé wà tẹ́lẹ̀, wọ́n ń ṣa gíláàsì kúrò lórí ìjókòó, wọ́n ń fi etí agbádá wọn nù ún. Nígbà tí wọ́n gbójú sókè, èmi ni wọ́n rí.

Wọ́n ní, "Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ, Ìyàwó."

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ti ṣe ohun tó burú rí, tí ẹni tí ẹ ṣe é sí sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ ó mọ bí ara mi ṣe rí. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ilé-iṣẹ́ ránṣẹ́ pé kí Bàbá Dúpẹ́ wá sí ọ́fíìsì wa. Wọ́n wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn wá. Pijin ni wọ́n gbọ́, wọn kò gbọ́ Faransé. Ọ̀gá mi gbọ́ Faransé, kò gbọ́ Pijin. Dúpẹ́ ì bá túmọ̀, ṣùgbọ́n ó wà ní ilé ìwé àwọn nọ́ọ̀sì ní Yaoundé. Èmi ni mo jókòó láàárín wọn.

Ọ̀gá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní ó dun òun gan-an. Ó ní ọkọ̀ àtijọ́ ni ìwé ń pè é, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan kan, nítorí expert kò rí i nígbà tí olówó rẹ̀ wà lájò. Ó ní ṣùgbọ́n bí Bàbá bá ní fọ́tò ọkọ̀ náà, tí àwọn tó bá wọn tún un ṣe sì lè wá sọ ohun tí wọ́n ṣe, òun fúnra òun yóò bá ilé-iṣẹ́ jà. Ó ní òun rò pé wọn ó fi kún un dáadáa. Ó ní kí n sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀.

Bàbá Dúpẹ́ yíjú sí mi. "Ìyàwó, kí ló wí?"

Bí mo bá túmọ̀ rẹ̀ bó ti wí, wọn ó béèrè pé ìrìn àjò wo. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ ní ọjà nígbà náà ló wá sí mi lẹ́nu.

Mo ní, "Bàbá, ó ní nítorí ọ̀rọ̀ Bakassi ni. Ó ní ilé-iṣẹ́ kò lè san irú owó bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Nàìjíríà ní àsìkò yìí."

"Ṣé ohun tó sọ nìyẹn?"

"Ohun tó sọ nìyẹn, Bàbá."

Wọ́n dìde. Ọ̀gá mi rò pé ìbànújẹ́ ni, òun náà dìde, ó na ọwọ́ láti dì wọ́n lọ́wọ́ mú. Bàbá Dúpẹ́ fa ọwọ́ wọn sẹ́yìn, wọ́n sì jáde. Ọ̀gá mi bi mí pé ṣé mo sọ ọ̀rọ̀ fọ́tò fún wọn. Mo ní mo sọ ọ́, wọn kò fẹ́. Ó béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i ní oṣù tó tẹ̀lé e. Mo tún ní wọn kò fẹ́.

Ẹ wò ó, ọ̀nà ṣì wà ní ọjọ́ náà. Èmi ni mo dí i. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo lọ bá olùṣọ́-àgùntàn wa, mo ní mo ṣe àìbìkítà lẹ́nu iṣẹ́ mi. Ó gbàdúrà fún mi. Ṣùgbọ́n àìbìkítà kọ́ ni mo ṣe, mo sì mọ̀ bí mo ṣe kúnlẹ̀ níbẹ̀.

Bàbá Dúpẹ́ kò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn yí padà ni. Wọ́n ti máa ń bá àwọn ará Cameroon tó wà nítòsí ìsọ̀ wọn jẹun láàárín ọjà, wọn kò bá wọn jẹ mọ́. Àwọn oníṣòwò ẹgbẹ́ wọn gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní àwọn kò tún ní ṣe asúráńsì, nítorí kò wà fún ọmọ Nàìjíríà. Irọ́ mi ń rìn nínú ọjà, mo ń gbọ́ ọ bí mo bá lọ ra ata.

Èyí tó burú jù ni ti Dúpẹ́. Ó ti rí ọmọkùnrin kan tó fẹ́ fẹ́, Emmanuel, ará Cameroon, ọmọ ẹ̀yà Duala, olùkọ́ ni, ilé àwọn òbí rẹ̀ wà ní Bonabéri. Bàbá Dúpẹ́ ti gbà, wọ́n tilẹ̀ ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn ó kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀. Nígbà tí ẹbí Emmanuel ránṣẹ́ pé kí a dá ọjọ́, Bàbá Dúpẹ́ ní kí wọ́n má wá mọ́.

Wọ́n ní, "Wọ́n ti jẹ ọkọ̀ mi. Wọn ò ní jẹ ọmọ mi."

Dúpẹ́ wá sunkún sí mi lẹ́sẹ̀. Èmi ni mo nu ojú rẹ̀. Mo ní kí ó ṣe sùúrù, bàbá rẹ̀ yóò rọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu mi ì bá tán an, mi ò sọ ọ́. Emmanuel dúró títí ó fi sú u, ó sì fẹ́ ẹlòmíràn. Dúpẹ́ kò fẹ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn kan wá, ó ní rárá. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń ṣe, bí ó bá sì ti ibi iṣẹ́ dé, bàbá rẹ̀ ni yóò tọ́jú. Ọkọ mi kú láìmọ ohun tí mo ṣe. Bàbá Dúpẹ́ kò padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní ojú á ti àwọn láti wọ ilé tí kò ní òrùlé.

Ní ọdún yìí, Emmanuel padà wá. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ó ti ní ewú. Ó wá kí Dúpẹ́ ní ibi iṣẹ́, Dúpẹ́ sì wá sọ fún mi. Ó rẹ́rìn-ín. Mo ti gbàgbé pé eyín rẹ̀ ní èjí.

Bàbá Dúpẹ́ wà lórí ibùsùn báyìí, wọn kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n iyè wọn ṣì pé. Nígbà tí Dúpẹ́ sọ ọ́ fún wọn, wọ́n ní àwọn kò tíì gbàgbé ọkọ̀ àwọn. Dúpẹ́ ní bóyá ọ̀rọ̀ náà kò rí bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ. Mo wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ni mo ń fi epo pa.

Wọ́n ní, "Ìyàwó ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ṣé Ìyàwó á parọ́ fún mi ni?"

Dúpẹ́ wò mí. Mo tẹ orí mọ́lẹ̀, mò ń pa epo.

Dúpẹ́ bẹ̀ wọ́n fún ọ̀sẹ̀ méjì. Níkẹyìn wọ́n gbà láti gbọ́ ẹnu àbúrò bàbá Emmanuel lẹ́ẹ̀kan, ní ọjọ́ Àìkú, bí ó bá ṣe pé èmi ni n ó túmọ̀. Wọ́n ní nínú gbogbo Douala, èmi nìkan ni àwọn gbọ́kàn lé. Dúpẹ́ gbọ́ Faransé jù mí lọ, ṣùgbọ́n kò bójú mu kí ọmọ túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ara rẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ìyàwó ilé ni wọ́n ń fi irú rẹ̀ sílẹ̀ fún. Bàbá Dúpẹ́ sì sọ ohun kan sí i. Wọ́n ní bí ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn ará Cameroon bá lè bẹ àwọn nítorí ọkọ̀ yẹn, àwọn ó gbàgbé, àwọn ó sì fi ọmọ fún Emmanuel.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí ibi tí mo wà báyìí? Àbúrò bàbá Emmanuel yóò jókòó níwájú mi ní ọjọ́ Àìkú, yóò kí wa, yóò sọ ohun tí àwọn àna ń sọ. Mo lè yí ìkíni rẹ̀ sí ẹ̀bẹ̀. Mo lè ní, "Bàbá, ó ní kí ẹ foríjì wọ́n nítorí ọkọ̀ yín." Bàbá Dúpẹ́ yóò sunkún, ọkàn wọn yóò rọ̀. Dúpẹ́ yóò ní ọkọ. Èmi yóò ṣì jẹ́ Ìyàwó tí Ọlọ́run lò. Kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ láéláé, àfi bí Dúpẹ́ bá wà níbẹ̀ tí ó gbọ́ èdè méjèèjì, n ó sì ti wá nǹkan tí n ó fi rán an lọ sí kíṣìnì.

Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn tí kò ṣe ohunkóhun ni n ó fi ẹ̀bẹ̀ sí lẹ́nu. Bàbá Dúpẹ́ yóò sì kú láìmọ̀ pé irọ́ ni mo pa fún wọn. Bí mo bá sì sọ òótọ́, wọn ó mọ̀ pé èmi ni mo gba ọkọ̀ wọn, ilé wọn àti ọ̀pọ̀ ọdún ayé ọmọ wọn. Dúpẹ́, tó ń pè mí ní Màmá, yóò mọ ẹni tó ń nu ojú rẹ̀ ní ọjọ́ náà. Ìyẹn ni mò ń sá fún jù, ẹ má jẹ́ kí n tún purọ́ níbí.

Mo bẹ Ọlọ́run. Mo bẹ ẹ̀yin náà, àgbà àti ọmọdé, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, Bàbá Dúpẹ́ ni tàbí Dúpẹ́? Mi ò lè gbẹ́kẹ̀ lé ara mi. Bí mo ṣe ń kọ èyí, mo ti ń to irọ́ kejì náà lẹ́nu, mo ti mọ ọ̀rọ̀ tí n ó fi bẹ̀rẹ̀, ó sì dùn létí. Ẹ bá mi sọ nǹkan kan kí ọjọ́ Àìkú tó dé, kí n má baà sọ ọ́.